Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alága ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà lórí òfin ìbọn

Ẹ̀yin alága wa, ẹ̀yin ìyálóde ẹgbẹ́, ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò, láti Houston dé Baltimore, láti Atlanta dé Chicago,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ kú àmúmọ́ra. Mo mọ̀ pé ìwé tó ń tẹ̀ yín lọ́wọ́ pọ̀: ti òkú tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé, ti ọmọ tó ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ti gbọ̀ngàn tí a ò tíì san owó rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Dẹrẹ́bà tírélà ni mí, Houston ni mò ń gbé, ọmọ ẹgbẹ́ ni mí, mi ò sì jẹ owó oṣù. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í la òfin ìbọn ìpínlẹ̀ rẹ̀ yé àwọn èèyàn wa, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wọ ilé ìtajà ìbọn. A máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gba ìwé ìwakọ̀. A máa ń júwe ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó èlùbọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó lè mú kí wọ́n dá èèyàn padà sí Ìkẹjà láìrò tẹ́lẹ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀ nípàdé.

Mi ò ní kí ẹgbẹ́ sọ pé ìbọn dára tàbí kò dára. Àwọn tó ní in láàárín wa pọ̀ ju bí a ṣe ń sọ lọ, àwọn kan sì ní ìdí: ẹni tó ń dá ta epo lóru, ẹni tí olè ti fọ́ ilé rẹ̀ rí, obìnrin tó ń dá gbé. Ìyẹn wà lọ́wọ́ oníkálukú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé a ń rà á láìbéèrè nǹkan kan.

Ẹ wo ibi tí a ti ń bọ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 ló ṣì fìdí múlẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ kò ṣeé ní láìgba ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ìbọn ìṣọdẹ ìgbàlódé náà, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ìbọn tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nílé kò ju ṣakabùlà èjìká ọdẹ àti èyí tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹni bẹ́ẹ̀ á wá dé Texas, á wọ ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta bàtà eré ìje àti ìwọ̀ ẹja, á rí ìbọn gígùn tí wọ́n tò sára ògiri bí ẹní to agboòrùn. Á wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilẹ̀ yìí kò ní òfin ìbọn. Òfin wà, ó tilẹ̀ pọ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìlú ńlá kan tún lè wà lábẹ́ ti ìpínlẹ̀, ohùn wọn kì í sì í ṣọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé ìgbélùú, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1968, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tó tẹ̀lé e, ka àwọn kan sí ẹni tí kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta ìbọn lọ́wọ́ rárá. Ẹni tí físà rẹ̀ ti kú tí kò sì kúrò nílùú wà lára wọn. Ẹni tó wà lórí físà ìbẹ̀wò, físà akẹ́kọ̀ọ́, tàbí físà iṣẹ́ onígbà díẹ̀ bíi H-1B náà wà lára wọn, bí ìwé rẹ̀ tilẹ̀ pé pérépéré. Láti ọdún 2022, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15. Kò sì dìgbà téèyàn bá rà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú lọ sí pápá ìyìnbọn lọ́jọ́ Sátidé, tó háyà ìbọn, tó yin ọta mẹ́wàá sí ara bébà, tó wá ya fọ́tò tó gbé e sórí Instagram, ti ṣẹ̀ sófin àpapọ̀, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹ̀rí fún ẹni tó máa pè é lẹ́jọ́. Inú àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ni mo ti ń rí irú fọ́tò yìí jù. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n béèrè ìdánimọ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì fi hàn wọ́n." Pé olùtọ́jú pápá kò mọ òfin kò ní kí òfin má mọ akẹ́kọ̀ọ́.

Òfin yìí ní ojúlé tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìwé àṣẹ ìṣọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún èèyàn, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Àwọn ọmọ ọlọ́dẹ láàárín wa lè rẹ́rìn-ín síyẹn: ìjálá tí bàbá yín ń sun kò gbà yín, àmọ́ bébà kékeré tí ìpínlẹ̀ tẹ̀ jáde lè gbà yín. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má torí ìwọ̀nba tí mo kọ síbí sáré lọ gba ìwé ọdẹ kó sì máa rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ lè ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn, ì báà jẹ́ lọ́tìrì físà ló gbé e dé. Bó ṣe ń lọ nìyí. Ní ilé ìtajà tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, yóò kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 4473. Yóò kọ nọ́ńbà ìgbélùú rẹ̀ sí i, yóò fi ìdánimọ̀ tó ní àdírẹ́sì ibi tó ń gbé lọ́wọ́lọ́wọ́ hàn. Olùtajà yóò fi orúkọ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò nínú ètò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, tí FBI, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, ń bójú tó. Lábẹ́ òfin àpapọ̀, ilé ìtajà kì í ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, ìbọn gígùn kò sì gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé 18. Ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ti lè gba ìbọn ìléwọ́. Ará Maryland kò lè ki ọrùn bọ Virginia lọ rà á kó sì gbé e bọ̀ wálé. Fọ́ọ̀mù yẹn á bi í léèrè bóyá wọ́n ti dá a lẹ́bi rí, bóyá kóòtù ti pàṣẹ pé kó jìnnà sí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, bóyá ó ń lo igbó tàbí oògùn olóró, kódà ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti fàyè gba igbó. Irọ́ kan ṣoṣo lórí fọ́ọ̀mù náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, bí wọn ò bá tilẹ̀ ta ìbọn fún olúwarẹ̀.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ó kan ìwà wa gan-an. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù nípa ẹni tó ń rà á ni pé: ṣé ara rẹ̀ ló ń rà á fún? Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi rà á, ẹ̀yin lẹ ti ní ìwé, màá fi owó ránṣẹ́ sí yín." Bí a ṣe ń ra fóònù fún ara wa nìyẹn, bí a ṣe ń fi orúkọ ara wa gba ilé nìyẹn. Ní ọdún 2009, ọkùnrin kan ní Virginia tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ra ìbọn ìléwọ́ Glock fún mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó ń gbé ní Pennsylvania, torí ó rò pé ìwé ọlọ́pàá àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ òun yóò jẹ́ kí wọ́n dín owó kù. Mọ̀lẹ́bí náà fi ṣẹ́ẹ̀kì 400 dọ́là ránṣẹ́, ó sì kọ ohun tí owó wà fún sára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé kò sí ohun tó ní kí mọ̀lẹ́bí yìí má ní ìbọn, ilé ìtajà tó ní ìwé àṣẹ ní Pennsylvania ni wọ́n sì ti fa ìbọn náà lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò. Síbẹ̀, ọkùnrin náà ti sọ lórí fọ́ọ̀mù pé òun lòun ń rà á fún ara òun. Ó jà á dé Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lóṣù kẹfà ọdún 2014, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sọ pé ó jẹ̀bi.

Ọlọ́pàá àtijọ́ nìyẹn o, ọmọ onílẹ̀ nìyẹn. Ọdún 2022 ni wọ́n tún wá ṣe òfin tuntun lórí ká máa bá ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ ra ìbọn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15. Téèyàn bá fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀bùn fún ẹni tí òfin kò dè, ìyẹn lọ́tọ̀, kò burú lójú òfin àpapọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá, tí ìbọn sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ni wọ́n máa wá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ mi láti mọ̀ torí ojú títì ni mò ń gbé. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé 21 ní Texas, tí òfin kò sì dè, lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Georgia ṣe irú rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2022. Lẹ́yìn tí Louisiana àti South Carolina dara pọ̀ lọ́dún 2024, ìpínlẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ di 29. Tí mo bá gbé ẹrù láti Houston lọ sí New Jersey, màá gba Louisiana, Mississippi, Alabama, Georgia àti South Carolina kọjá. Kò sí èyí nínú wọn tó ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àgbàlagbà tí òfin kò dè. Mo bá dé North Carolina, nǹkan ti yí padà: ẹni tó bá fi ìbọn pamọ́ sára níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Virginia. Maryland kò tilẹ̀ ka ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kankan sí yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ara mi kan náà, ọkọ̀ kan náà, ìbọn kan náà. Ohun tó bófin mu nígbà tí mo mu kọfí àárọ̀ ti lè di ẹ̀wọ̀n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn tó ń gbé Maryland nínú yín mọ̀ pé tiwọn le. Kí ará ibẹ̀ tó ra ìbọn ìléwọ́, yóò kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ lẹ́ni tó ń rà á: yóò tẹ̀ka, yóò sì jókòó sí kíláàsì wákàtí 4. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá béèrè fún ìbọn náà gan-an, yóò dúró fún ọjọ́ 7. Gbogbo èyí, rírà nìkan ni. Tó bá fẹ́ máa gbé e jáde, ìwé àṣẹ mìíràn ni, kíláàsì mìíràn ni, wákàtí 16. Mo ti pàdé àwọn tó rò pé bí wọ́n ti gba ti àkọ́kọ́, wọ́n ti gba gbogbo rẹ̀. Ní Illinois, láti ọdún 1968 ni wọ́n ti ń fún àwọn ará ìlú ní káàdì onílé-ìbọn tí wọ́n ń pè ní FOID. Ará Illinois tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ ra ọta pàápàá. Ní New York, ìwé àṣẹ tí wọ́n fún èèyàn ní Buffalo kò ní agbára ní Brooklyn àfi tí ọlọ́pàá ìlú New York bá fọwọ́ sí i lọ́tọ̀.

Àwọn kan á sọ pé, ṣebí Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fagi lé gbogbo ìyẹn lọ́dún 2022. Fídíò WhatsApp ló ń tan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kálẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ fagi lé lóṣù kẹfà ọdún yẹn ni òfin New York tó ti wà láti ọdún 1911, tí wọ́n sì ṣàtúnṣe rẹ̀ lọ́dún 1913, èyí tó ní kí ẹni tó fẹ́ gbé ìbọn kiri ṣàlàyé ìdí pàtàkì kan tó yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Wọn ò sọ pé kí ìpínlẹ̀ má béèrè ìwé àṣẹ mọ́. New York ṣe òfin mìíràn kíá, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà: ẹ̀kọ́ wákàtí 16 nínú kíláàsì pẹ̀lú wákàtí 2 ní pápá, àti àkójọ àwọn ibi tí ìbọn kò gbọdọ̀ wọ̀, tí Times Square wà lára wọn. Àwọn ẹjọ́ ṣì ń lọ lórí àwọn kan nínú wọn, ìdí nìyẹn tí àlàyé èṣí kò fi tó fún tọdún yìí.

New Jersey ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù jù. Lóṣù kẹwàá ọdún 2013, obìnrin kan láti Philadelphia, ìyá ọmọ méjì, gba afárá wọ New Jersey. Ó ní ìwé àṣẹ ìbọn Pennsylvania, ó sì ní ìbọn náà nínú ọkọ̀. Ọlọ́pàá dá a dúró lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìwakọ̀ kékeré kan. Òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu sọ fún un pé ìbọn wà níbẹ̀, ìwé rẹ̀ nìyí. Wọ́n mú un. Òfin New Jersey ka gbígbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ wọn sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10, adájọ́ kò sì ní agbára láti dín in kù fúnra rẹ̀: olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ lo oṣù 42 kí wọ́n tó lè ronú àtitú u sílẹ̀. Obìnrin yìí wà ní àtìmọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ariwo ta káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí agbẹjọ́rò ìjọba tó gbà pé kí wọ́n fi í sínú ètò tí kò ní ẹ̀wọ̀n nínú, lọ́dún 2015 sì ni Gómìnà Chris Christie wá dárí jì í.

Ọmọ onílẹ̀ lòun. Ẹ fi green card sọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tún ìtàn náà sọ. Òfin ìgbélùú Amẹ́ríkà sọ pé ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ó rà, ó tà, ó ní, tàbí ó gbé ìbọn lọ́nà tó lòdì sí òfin èyíkéyìí, ẹni tí wọ́n lè dá padà sílé ni, ìgbà yòówù kó ti dé. Kò sọ pé ó di dandan kó yìn ín. Kò sọ pé ó di dandan kí ẹnì kan fara pa. Ọdún 30 tó ti ń san owó orí kò dí òfin yẹn lọ́wọ́. Ìdáríjì gómìnà gan-an, tó lè gba èèyàn là lórí àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan, kò wọ ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn lábẹ́ òfin ìgbélùú. Mo ti gbọ́ kí lọ́yà sọ fún ọmọ wa pé, "Sọ pé o jẹ̀bi, fáìnì ni wọ́n máa bù fún ọ, ilé ni o máa sùn lónìí." Fáìnì ni lóòótọ́ fún ẹni tí wọ́n bí síbí. Láti ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ojúṣe lọ́yà ni láti kìlọ̀ fún oníbàárà rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí pé gbígbà pé òun jẹ̀bi lè lé e kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó ń sáré láti yàrá ìdájọ́ kan sí òmíràn kò ní béèrè ibi tí wọ́n bí wa tí àwa náà kò bá sọ.

Fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lójú títì, òfin àpapọ̀ ọdún 1986 kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tó ń kọjá lọ. Ó ní èèyàn lè gba ìpínlẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìbọn tí ó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti ní in kó sì gbé e níbi tó ti ń bọ̀ àti níbi tó ń lọ. Ìbọn náà kò gbọdọ̀ ní ọta nínú, òun àti ọta kò gbọdọ̀ sí níbi tí ọwọ́ lè tètè tó. Ọkọ̀ tí kò ní bọ́ọ̀tù, bíi ti tírélà, àpótí tó ní àgádágodo ni kí wọ́n tì wọ́n mọ́. Àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ tí a ń kó ìwé sí kò kà. Ẹ tún ìlà yẹn kà: níbi tó ń lọ. Ẹni tí New Jersey jẹ́ òpin ìrìn àjò rẹ̀, tí kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ìbọn níbẹ̀, kò lè sá sábẹ́ òfin yìí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tírélà sì ka ìbọn léèwọ̀ pátápátá nínú ọkọ̀ wọn, èyí tó jẹ́ pé tèmi náà nìyẹn, ó sì dín ìrònú mi kù.

Ìnáwó wa ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti rí i: bàbá kan bẹ̀rẹ̀ láti gbé dọ́là tó já bọ́ nílẹ̀, etí agbádá ká sókè, irin dúdú yọ nínú àpò ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Àwọn tó rí i á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ní Texas, gbọ̀ngàn tó bá lẹ àkọlé 51 pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà, ibi tó jẹ́ pé ọtí ló ń mú ohun tó ju ìdajì owó wọn lọ wọlé ni, ìbọn kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Onílé míràn lè lẹ àkọlé tirẹ̀. Ẹni tó ti mutí yó tó sì ń gbé ìbọn kiri láìní ìwé àṣẹ ti ṣẹ̀ sófin Texas lọ́tọ̀. Ṣé ẹni tó ti mu ìgò mẹ́ta kí fújì tó gbóná ni a máa fi lé lọ́wọ́ kó ka àkọlé? Ilé ìjọsìn pàápàá kò bára dọ́gba. Ní Texas, tí ṣọ́ọ̀ṣì kò bá sọ nǹkan kan, ìbọn lè wọlé. Kí pásítọ̀ tó lè dí i, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tàbí kó lẹ ẹ́. Ní Georgia, òdìkejì rẹ̀ ni: tí àwọn alákòóso ilé ìjọsìn kò bá fàyè gbà á, kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ ro ti ìjọ tó ní ẹ̀ka ní Houston àti Atlanta, tí àwọn èrò ń gba ọ̀nà lọ gba ọ̀nà bọ̀ nígbà ìpàgọ́.

Èyí tí ó kàn yí, ẹ̀yin àgbà ni mò ń bá wí tààrà. Láti ọdún 1996, ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi pé ó fi ọwọ́ líle mú ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀ṣẹ̀ náà kéré tó nínú ìwé, kò gbọdọ̀ ní ìbọn mọ́. Ẹni tí kóòtù bá pàṣẹ pé kó jìnnà sí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà tí kóòtù sì rí i pé ewu wà, kò gbọdọ̀ ní in níwọ̀n ìgbà tí àṣẹ náà bá wà. Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ìyẹn lóṣù kẹfà ọdún 2024 nínú ẹjọ́ ọkùnrin Texas kan tó ń jẹ́ Rahimi. Nígbà tí ẹ bá ń parí ìjà tọkọtaya, tí ìyàwó bá ti dárí jì, tí a ti jẹ ẹran, tí a ti gbàdúrà, àṣẹ kóòtù kò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ bi ọkùnrin náà pé ìbọn rẹ̀ dà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tètè bi í. Kì í ṣe torí òfin nìkan ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, torí ìyàwó ni.

Ti àwọn ọmọ kò gùn. Texas àti Maryland ní òfin tó ń mú àgbàlagbà tó fi ìbọn síbi tí ọmọ lè rí i gbé. Ti Maryland tún le sí i lóṣù kẹwàá ọdún 2023. Ọmọdébìnrin kan tí wọ́n yìnbọn fún nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dún 2018 ni wọ́n sọ orúkọ òfin náà fún, ìbọn bàbá ọmọkùnrin tó yìn ín ló sì lò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ibi ìpamọ́. Àwọn ọmọ wa máa ń kó ara wọn lọ sí yàrá òkè nígbà tí àgbà ń jẹun nísàlẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀.

Lójú ọ̀nà ńkọ́, tí ọlọ́pàá bá dá èèyàn dúró? Ní Michigan, ẹni tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ sọ lójú ẹsẹ̀ pé ìbọn wà lára òun. Ní àwọn ìpínlẹ̀ míràn, àfi tí ọlọ́pàá bá béèrè. Ó yẹ kéèyàn mọ ti ibi tó wà. Ó sì yẹ ká bá ara wa sọ òótọ́: Philando Castile ní ìwé àṣẹ Minnesota, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ọlọ́pàá lóṣù keje ọdún 2016 pé ìbọn wà lára òun, ọlọ́pàá yẹn sì yìn ín pa nínú ọkọ̀ lójú obìnrin rẹ̀ àti ọmọ kékeré. Wọ́n dá ọlọ́pàá náà láre lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ọlọ́pàá tó bá dá wa dúró lálẹ́ kò mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni wá tàbí Èkìtì. Aláwọ̀ dúdú ló rí.

Pápákọ̀ òfuurufú náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023, ìbọn 6,737 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ èrò níbi àyẹ̀wò káàkiri Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jù lọ ní ọta nínú, Atlanta tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà lọ sílé ló sì pọ̀ jù. "Mo gbàgbé ni" ni wọ́n sábà máa ń sọ. Báàgì tí èèyàn ń gbé lọ sí pápá ìyìnbọn kò yẹ kó jẹ́ báàgì tó máa gbé lọ sí Lagos. Ọta kan ṣoṣo tó bá há sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, òfin Nàìjíríà ti ọdún 1959 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kan òun náà.

Ohun tí mò ń tọrọ kò ní náwó rẹpẹtẹ. Ẹ pe lọ́yà méjì wá sí ìpàdé kan lọ́dún, ọ̀kan tó mọ òfin ọ̀daràn ìpínlẹ̀ yín, ọ̀kan tó mọ ti ìgbélùú, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé ni àwọn èèyàn wa ń já sí. Ẹ fi ojú ìwé kan nípa ìbọn kún ìwé tí ẹ ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ohun àkọ́kọ́ níbẹ̀ jẹ́ físà àti pápá ìyìnbọn. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn gbọ̀ngàn pé ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ìnáwó ẹgbẹ́, kí MC sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ọtí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa yẹ ojú ìwé àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yín wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn òfin wọ̀nyí ń yí padà lójú wa.

Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa ní Houston kó lè wọ àjẹ́ńdà ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ti ní lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ rẹ̀ tó àwọn ẹgbẹ́ tó kù ní ìpínlẹ̀ yín létí, kó má jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa lò ó. Lọ́yà Texas tí a bá rí kò ní lè dáhùn ìbéèrè ará Maryland.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Dẹrẹ́bà tírélà kan, ọmọ ẹgbẹ́,
Houston, Texas.